Omi hot tub: iye èèyàn tó wọ̀ ọ́ la fi ń wọn chlorine, kì í ṣe ọjọ́ ọ̀sẹ̀

Ẹni tó bá ra hot tub, ọpọ́n ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní jákúsì, sábà máa ń gba àpótí kẹ́míkà mọ́ ọn. Ìgò á pọ̀ nínú rẹ̀, ìwé ìlànà náà á sì gùn. Kì í pẹ́ tí omi á fi rú, tí á máa rùn, tí ara àwọn tó wọ̀ ọ́ á máa yún wọn, tí olúwarẹ̀ á tún lọ ra kẹ́míkà mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀. Nǹkan mẹ́rin péré ni omi yìí ń béèrè: chlorine (kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi) tó tó, pH (òṣùwọ̀n bí ásíìdì omi ṣe pọ̀ tàbí kéré sí) tí kò gun òkè jù, asẹ́ tó mọ́, àti kí a da omi náà nù kó tó gbó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń da chlorine sí i ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, ì báà jẹ́ èèyàn kan tàbí èèyàn mẹ́wàá ló wọ omi.

Adágún ìwẹ̀ inú ilé lè gba 50,000 lítà. Hot tub ẹlẹ́ni mẹ́rin kì í sábà ju 1,200 lítà lọ. Tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sínú 1,200 lítà, ó bá èèyàn tó lé ní 160 dọ́gba nínú adágún yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òógùn, ìpara, awọ ara tó ń ṣí, ìdọ̀tí irun, inú omi díẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ooru ìwọ̀n 38 sí 40 lórí Celsius sì ń mú kí èèyàn máa làágùn láìfura, nítorí omi ti bo òógùn náà mọ́lẹ̀. Chlorine ló ń jẹ ìdọ̀tí yìí run, bó bá sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni òun náà ń tán. Èyí ló fà á tí chlorine tó wà ní ìwọ̀n ppm 5, ìyẹn gíráàmù 5 nínú 1,000 lítà omi, nírọ̀lẹ́ fi lè di òdo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ilẹ̀ tó mọ́ bá òdo yẹn léwu. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas, òun ló ń mú kí ara sú lẹ́yìn hot tub: kókó pupa kéékèèké tó ń yún ni, ó sì máa ń pọ̀ jù lábẹ́ ibi tí aṣọ ìwẹ̀ bò. Èyí tó burú jù ni Legionella. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, láàárín ìwọ̀n 20 sí 45, ni ó ti ń gbilẹ̀. Èèyàn kì í mu ún, àfi kó mí in símú nínú omi wínníwínní tí jẹ́ẹ̀tì, ihò tó ń tú omi jáde tagbáratagbára nínú ọpọ́n, ń fọ́n sókè, ó sì lè di òtútù àyà tó ń pa ènìyàn. Ní Bovenkarspel, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́dún 1999, hot tub tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún títà níbi ìpàtẹ òdòdó ló tan àìsàn náà ká. Èèyàn tó lé ní 30 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣàìsàn kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, wọn kò wọ inú rẹ̀ rárá. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní North Carolina lọ́dún 2019, níbi ìpàtẹ mìíràn tí hot tub wà. Nítorí náà, omi tó mọ́ gaara lójú kò tíì tó. Ohun tí a fi irinṣẹ́ wọ̀n la lè gbára lé.

Ohun tí ẹ nílò gan-an

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye lítà tí ọpọ́n yín ń gbà. Ó máa ń wà nínú ìwé tó bá a wá. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ ka nọ́ńbà mítà omi kí ẹ tó fi họ́ọ̀sì sí i, kí ẹ sì tún un kà nígbà tó bá kún. Ní gbogbo àlàyé yìí, 1,200 lítà la fi ń ṣírò. Bí tiyín bá jẹ́ 900, ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí a bá sọ.

Ppm tí wọ́n ń kọ sára gbogbo ìgò kò ju èyí lọ: gíráàmù 1 nínú 1,000 lítà omi. Nínú 1,200 lítà, ppm 1 chlorine jẹ́ gíráàmù 1.2 chlorine pọ́ńbélé.

Kẹ́míkà mẹ́rin ló tó. Àkọ́kọ́ ni dichlor, ìyẹn chlorine oníyẹ̀fun tó ń yòrò kíá, tó sábà máa ń jẹ́ chlorine ìdá 56 nínú 100. Ìkejì ni bleach olómi, èyí tí wọ́n ń fi fọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n kó má lóòórùn dídùn, kó má ki, kó má sì ní ọṣẹ nínú. Kí ohun tó wà lára ìgò náà jẹ́ sodium hypochlorite àti omi, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Ìkẹta ni sodium bisulphate, ásíìdì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní "pH minus". Ìkẹrin ni baking soda inú ilé ìdáná. Ẹ fi síkéèlì kékeré tó lè wọn gíráàmù kan kún un. Ṣíbí kò ṣeé gbára lé, nítorí ìyẹ̀fun ilé-iṣẹ́ kan wúwo ju ti òmíràn lọ.

Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ omi dára fún wíwò kíákíá kí èèyàn tó wọlé, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi ojú yà 3 sọ́tọ̀ kúrò lára 5 lórí rẹ̀, pàápàá lábẹ́ iná alẹ́. Irinṣẹ́ ìwọ̀n tí a ń bu omi sí, tí a sì ń kán omi oògùn sí ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ló péye. Bí owó yín bá mọ ní ìwọ̀n, ẹ fi ra ìyẹn, kí ẹ fi omi olóòórùn dídùn àti oògùn tó ń mú omi dán sílẹ̀ lọ́jà.

Ẹ má ṣe fi chlorine oníhóró ńlá, tí wọ́n ń pè ní trichlor, sínú hot tub. Adágún ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀, ó ń yòrò díẹ̀díẹ̀, bó bá sì wà nílẹ̀ ọpọ́n, ó ń jẹ ojú ike náà, ó sì ń jẹ irin hítà. Bákan náà, ásíìdì àti chlorine kò gbọdọ̀ pàdé láé níta omi, kódà nínú ike ìwọ̀n kan náà, nítorí gáàsì tí yóò jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oríṣi chlorine méjì kò gbọdọ̀ dàpọ̀ ní gbígbẹ, torí ó lè gbiná. Kẹ́míkà la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kẹ́míkà lórí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá jáde nínú omi ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ ṣírò wákàtí tí ènìyàn lò: èèyàn méjì fún ààbọ̀ wákàtí jẹ́ wákàtí kan, èèyàn mẹ́rin fún ààbọ̀ wákàtí jẹ́ wákàtí méjì. Wákàtí kan ènìyàn kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 9 chlorine. Ìyẹn ni gíráàmù 16 dichlor, tàbí mílílítà 150 bleach tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Bí bleach yín bá jẹ́ ìdá 3, ẹ dà á ní ìlọ́po méjì, mílílítà 300. Ẹ tan jẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á yíká ojú omi, kí ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí gáàsì tó jáde nínú omi lè ráyè lọ. Bí ẹ bá dé e lójú ẹsẹ̀, gáàsì yẹn á máa jẹ abẹ́ ìdérí àti ìrọ̀rí ọpọ́n náà.

Iye yìí kì í bá gbogbo ara mu bákan náà. Ẹni tó fi omi lásán ṣan ara rẹ̀ kó tó wọlé lè dín in kù gan-an, ẹni tó ti ibi eré ìdárayá bọ̀ lè fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi yẹ omi wò lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ̀ ọ́. Kí chlorine wà láàárín 3 sí 5. Bó bá jẹ́ 1, ìwọ̀n tí ẹ dà lánàá kéré, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un nígbà mìíràn. Bó bá jẹ́ 8, ẹ dín in kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó ti mọ iye tí agbo ilé yín ń jẹ. Láti gbé chlorine sókè ní ppm 1 ṣáájú ìwẹ̀, gíráàmù 2 dichlor tàbí mílílítà 20 bleach ìdá 6 ti tó.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ dá a padà sí 5. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé e lọ sí 10 ní alẹ́, kí ẹ má sì wọ̀ ọ́ títí tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí 5.

Bí dichlor ṣe ń dẹ́rù pa omi

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń rú ọ̀pọ̀ lójú jù, ó sì yẹ kí a dúró tì í. Dichlor kì í wá lóun nìkan. Ó ń gbé cyanuric acid wá, ohun kan tó ń di chlorine mú kó má bàa lò gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára gan-an: ó ń jẹ́ kí omi rọra bá awọ ara àti aṣọ ìwẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n chlorine ń tán, cyanuric acid kì í tán. Ìlàjì dichlor tí ẹ bá dà ló jẹ́ cyanuric acid. Gíráàmù 16 tí ẹ dà lẹ́yìn wákàtí kan ènìyàn fi nǹkan bíi ppm 7 rẹ̀ sílẹ̀ nínú 1,200 lítà. Lẹ́yìn wákàtí 15 bẹ́ẹ̀, ó ti di 100. Ní ipò yẹn, òṣùwọ̀n lè máa kà 3 kí chlorine náà má sì lè pa kòkòrò tó bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn á máa sọ pé, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé," síbẹ̀ ara wọn ń sú.

Ojútùú rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi dichlor bẹ̀rẹ̀ omi tuntun. Ẹ máa kọ gíráàmù tí ẹ dà sílẹ̀ sára ògiri tàbí sínú fóònù. Tó bá ti di gíráàmù 70 lápapọ̀, cyanuric acid ti dé nǹkan bíi 30. Ẹ dá dichlor dúró níbẹ̀, kí ẹ máa lo bleach olómi títí tí ẹ ó fi da omi náà nù. Bleach kì í fi cyanuric acid sílẹ̀. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò tí bleach kò sí nítòsí, dichlor fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò ba nǹkan jẹ́.

pH tó ń gun òkè ní tirẹ̀

Kí pH wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bó bá lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára chlorine á dín kù, èépá funfun á sì máa lẹ̀ mọ́ hítà. Bó bá wá sísàlẹ̀ 7, ojú á máa ta èèyàn, irin inú hítà á sì máa dógùn-ún.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé pH sókè jù nínú hot tub. Gáàsì carbon dioxide wà nínú omi, bí ó ṣe wà nínú mínírà. Gbogbo ìgbà tí jẹ́ẹ̀tì bá ń ru omi ni gáàsì náà ń jáde, bó bá sì ti ń jáde ni pH ń gùn. Ohun tí ń pinnu bó ṣe ń gùn kíákíá tó ni alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n àwọn ohun bíi baking soda tó yòrò sínú omi, nítorí nínú rẹ̀ ni gáàsì náà pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà sọ pé kí alkalinity wà ní 80 sí 120. Fún ẹni tó ń lo bleach nínú hot tub, ìyẹn ga jù. Ẹ mú un wá sí 50 tàbí 60, ẹ ó sì rí i pé pH yóò jókòó sí 7.5 tàbí 7.6 fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí wàhálà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ da gíráàmù 50 sodium bisulphate sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí pH má bàa lọ sísàlẹ̀ 7.2. Ẹ wá tan jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí, títí tí pH yóò fi padà sí 7.6. pH gòkè padà, ṣùgbọ́n alkalinity kò bá a gòkè. Ẹ tún un ṣe. Gíráàmù 30 ń mú alkalinity wálẹ̀ ní nǹkan bíi 10. Bí alkalinity bá ti ń sún mọ́ 80, ẹ dín in kù sí gíráàmù 20 tàbí 25 lẹ́ẹ̀kan, nítorí pH á tètè máa já lulẹ̀. Bí ẹ bá mú un wálẹ̀ jù, gíráàmù 20 baking soda yóò dá 10 padà. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkigbà tí pH bá kọjá 7.8, gíráàmù 10 ásíìdì, jẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe lé pH kiri lójoojúmọ́. Bó bá wà ní 7.7, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Omi tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i. Omi London jẹ́ irú omi tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, alkalinity rẹ̀ sì lè tó 200, nítorí náà mímú un wálẹ̀ lè gba nǹkan bíi gíráàmù 400 ásíìdì láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Omi Glasgow rọ̀ gan-an, èyí yóò fẹ́ baking soda díẹ̀ àti calcium chloride, iyọ̀ tó ń fi calcium kún omi, kó má bàa máa yọ ìfófó. Omi borehole ní apá etíkun Èkó sábà máa ń ní ásíìdì, ó sì máa ń ní irin. Bí chlorine bá kan irin yẹn, omi á di pupa bíi tíì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi náà jókòó nínú táńkì lálẹ́ kí irin rẹ̀ rì, tàbí kí ẹ fi asẹ́ sẹ́nu họ́ọ̀sì.

Bí nǹkan bá yí padà

Bí omi bá ń rùn gan-an bí ilé ìwẹ̀ ìgboro, tí ó ń ta ojú, ọ̀pọ̀ á sọ pé chlorine ti pọ̀ jù. Ó ti kéré jù ni. Chlorine tó ti so mọ́ òógùn tí kò sì rí agbára parí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sí 10, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tan jẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan.

Ìfófó ń wá láti ara ọṣẹ tó kù nínú aṣọ ìwẹ̀ àti ohun tí a fi pa ara. Àwa tí a ń pa òrí, àdí àgbọn àti ìpara, tí a ń fi òróró sí irun dídì, níláti fiyè sí èyí ju ẹlòmíràn lọ. Òróró yẹn ń léfòó, ó ń lẹ̀ mọ́ etí omi bí ìlà dúdú, ó ń dí asẹ́, ó sì ń jẹ chlorine. Ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ di irun mọ́ inú ìbòrí, kí ẹ fi omi lásán ṣan aṣọ ìwẹ̀ láìfi ọṣẹ sí i. Ìpara dùn lára lẹ́yìn ìwẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Bí omi bá rú, ẹ wo chlorine ná, lẹ́yìn náà asẹ́. Ẹ yọ asẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi họ́ọ̀sì fọ ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi tí a fi oògùn ìfọ-asẹ́ sí, nítorí họ́ọ̀sì nìkan kì í yọ òróró. Tí ẹ bá ní asẹ́ méjì tí ẹ ń pààrọ̀, hot tub kò ní dúró lásán. Ó máa ń tó ọdún kan kí asẹ́ tó gbó.

Bí chlorine bá ń tán láìsí ẹni tó wọ omi, ẹ dán an wò: ẹ gbé e sí 5 lálẹ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí 24. Kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó bọ́, tàbí ìdajì bí ẹ̀rọ ozone (gáàsì tó ń pa kòkòrò) bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun kan ń gbé nínú páìpù. Kòkòrò àìfojúrí máa ń fi ohun tó ń yọ̀ bo ara wọn mọ́ ara páìpù, chlorine a máa pa èyí tó wà lókè, kò ní dé ti ìsàlẹ̀. Dída omi nù nìkan kò lè yọ ọ́.

Ẹni tó bá ń fi ilé tó ní hot tub gbàlejò olówó ní Britain ní òfin mìíràn lọ́rùn. Ìtọ́sọ́nà HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́, tó ń jẹ́ HSG282 ló yẹ kó kà. Bí àlejò kan bá ti lọ, kò yẹ kí àlejò mìíràn bá omi rẹ̀. Fún gbogbo ènìyàn, omi kò gbọdọ̀ gbóná ju 40 lọ, ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Aláboyún gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sún mọ́ ọn.

Dída omi nù

Ẹ pín iye lítà sí 11, kí ẹ tún fi iye ènìyàn tó ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́ pín èsì rẹ̀. Fún 1,200 lítà àti èèyàn méjì, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 55. Bí ẹ kò bá ń wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́rin.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da oògùn ìfọ-páìpù sí i nígbà tí omi ṣì gbóná, ẹ tan gbogbo jẹ́ẹ̀tì àti afẹ́fẹ́ bí ìgò rẹ̀ ṣe sọ. Ìfófó pupa tàbí dúdú lè tú jáde. Ẹ nù ún kúrò létí ọpọ́n kó má bàa gbẹ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pa iná hítà láti ibi súwíìṣì ńlá kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, nítorí hítà tí kò sí omi nínú rẹ̀ lè jó. Ẹ da omi náà sí ojú gọ́tà ìdọ̀tí ilé, ẹ má dà á sí ti òjò tó ń lọ tààrà sínú odò. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu inú ọpọ́n, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ ihò asẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kún un, kí omi lè lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń hó láìfa omi, afẹ́fẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Nígbà tó bá kún, gíráàmù 21 dichlor yóò gbé e dé 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 21 nínú 70.